Check engine ò kú lórí pick-up tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀rọ̀ iná check engine yìí ò tán l'Adó-Èkìtì àti agbègbè ẹ̀, torí pick-up àtijọ́ ló ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jù lọ́nà oko wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ́ńjìnì tó wà nínú wọn báyìí kì í ṣe èyí tí wọ́n gbé wọ̀lú. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jọ.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, kabúrétọ̀ ni Hilux mi ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé ẹ́ńjìnì 3RZ tokunbo sí i, ó ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n check engine ò kú. Wọ́n skan an, kóòdù mẹ́rin jáde, mẹkáníìkì ní kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin. Ṣé kí n rà á?

Ẹ rọra ná, ẹ fi owó yín sápò. Kóòdù ò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́ o, ohun tó ń sọ ni pé brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ń retí nǹkan kan látojú wáyà kan, nǹkan ọ̀hún ò wá, tàbí ó wá lódìlódì. Inú mọ́tò míì ni brain tó bá ẹ́ńjìnì yẹn wá ti ń bọ̀, ohun tó wà nínú mọ́tò yẹn ló ṣì ń bèèrè. Bíi tíṣà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá síléèwé yín ni, register iléèwé tó ti ń bọ̀ ló kó dání, ó ń pe orúkọ, ẹnì kankan ò dáhùn, ó ń kọ absent. Ẹ ò ní torí ìyẹn lọ bí ọmọ mẹ́rin.

Tó bá jẹ́ brain Amẹ́ríkà, á máa wá oxygen sensor kejì tó máa ń wà lẹ́yìn catalyst, ìyẹn àpótí tó ń fọ èéfín lára ẹ́sọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ catalyst gan-an, wọ́n ti gé e tà tipẹ́. Á máa wá ike dúdú tó ń gba òórùn epo látinú táńkì, mọ́tò yín ò ní irú ẹ̀ rí. Á máa wá speed sensor lára gíà, tó bá sì jẹ́ gíà àtijọ́ yín ni wọ́n fi sílẹ̀ tó ń fi wáyà yíyí gbé spídómítà, kò sóhun tó máa dá brain lóhùn níbẹ̀, kóòdù P0500 nìyẹn. Kóòdù mẹ́ta ti lọ síbẹ̀, ẹ ò sì tíì débi ohun tó bàjẹ́ gan-an.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ brain tó wà nínú ẹ̀?

Ẹ tú u síta, ẹ ka sítíkà ara ẹ̀. Ti Toyota sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló máa sọ irú mọ́tò tó ti wá, ẹ fi wá a lórí fóònù. Ẹ wá lọ ka nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì náà, kí ẹ rí i bóyá àwọn méjèèjì mọra. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rà á, tí ẹ bá dé ọjà ẹ́ńjìnì ní Ládipọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Ìbàdàn, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ́ńjìnì, brain àti gbogbo wáyà ẹ̀ látara mọ́tò kan ṣoṣo, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé wáyà náà níbi tó ti wọnú mọ́tò, torí ibi tí wọ́n bá gé yẹn ni rewire, oníṣẹ́ wáyà mọ́tò, á ti máa so ó lásofẹ́rẹ̀ẹ́ títí ayé.

Ìbéèrè: Scanner ò gbé e rárá, ó ní kò sí kọnẹ́ṣọ̀n.

Tó bá jẹ́ brain tó ṣáájú 1996, ó ṣeé ṣe kó má gbọ́ èdè scanner tuntun rárá, torí ọdún yẹn ni Amẹ́ríkà fi OBD-II, èdè kan náà tí gbogbo scanner ń gbọ́, ṣe dandan fún mọ́tò kéékèèké àti pick-up. Àwọn tó ṣáájú máa ń fi iná check engine sọ̀rọ̀. Lórí Toyota, ẹ wá àpótí kékeré kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ Diagnosis sí, ẹ fi wáyà so ihò tí wọ́n kọ TE1 sí mọ́ èyí tí wọ́n kọ E1 sí, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, kí ẹ wá máa ka bí iná ṣe ń ṣẹ́. Méjì, ó sinmi díẹ̀, méjì: 22, sẹ́ńsọ̀ gbígbóná omi. Mẹ́rin, ó sinmi, ẹyọ kan: 41, sẹ́ńsọ̀ throttle, ibi tí ẹ ń tẹ̀ fún iná ẹ́ńjìnì. 42 ni speed sensor. Tó bá ń ṣẹ́ lọ wéréwéré láìsinmi, kò ní ẹjọ́ kankan láti rò.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ brain tuntun, ẹ yẹ ihò scanner wò. Ojú kẹrìndínlógún gbọ́dọ̀ ní iná bátìrì, ojú kẹrin àti ìkarùn-ún gbọ́dọ̀ ní earth, ìyẹn wáyà tó lọ sí bọ́dì àti nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti lẹ ihò yẹn mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí wáyà kankan ò lọ sídìí ẹ̀, ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ìbéèrè: Èwo ni kí n fi sílẹ̀, èwo ni kí n sáré sí?

P0420 ti catalyst àti àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P044, ti òórùn táńkì, wọn ò ní dá yín dúró sọ́nà. P0335 ti crank sensor, tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí fún brain, lè dá yín dúró, ẹ má fi ṣeré. P0300 sí P0304, silíńdà ló ń já iná, ẹ wo pílọ́ọ̀gì àti coil kíákíá.

P0128, pé ẹ́ńjìnì ò gbóná tó, ni kì í jẹ́ kí n sinmi, torí àwa la fọwọ́ ara wa fà á. Mẹkáníìkì á yọ thermostat, ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná, dànù pé orílẹ̀-èdè wa gbóná, ẹ́ńjìnì ò wá ní gbóná dé ibi tó yẹ, brain á rò pé òtútù ń mú un, á máa da epo sí i, ẹ̀yin á wá máa pariwo pé 3RZ ń mu epo. Ẹ dá thermostat padà. Tí ẹ̀rù gbígbóná bá ń bà yín, rédíétọ̀ ni kí ẹ fọ̀.

Tí kóòdù mẹ́ta mẹ́rin tí ò jọra bá sì yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo earth kí ẹ tó wo nǹkan míì. Wáyà earth tó so ẹ́ńjìnì mọ́ bọ́dì, wọ́n máa ń gbàgbé ẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ mítà kan sára ẹ́ńjìnì, èkejì sórí orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí ẹnì kan máa sítáàtì. Tó bá ti ju ìdajì volt lọ, ẹ ti rí ibi tí wàhálà wà, earth yẹn ni.

Ìbéèrè: Tèmi, P0171 ni, l'Adó kò sí wàhálà, tí mo bá di ẹrù tí mo ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, á máa súnkì.

Atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ ni kóòdù yẹn ń sọ. Tó bá jẹ́ pé ìdúró lójú kan ló ti burú jù, tó ń dáa bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, rọ́bà kan ló ń fa atẹ́gùn lábẹ́ intake. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ lórí òkè nìkan ni, epo ni ò tó o, mo sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé pọ́ǹpù wo lẹ ń lò. Pọ́ǹpù kabúrétọ̀ kì í sábà ju psi (ìwọ̀n agbára tó fi ń ti epo) 4 sí 7 lọ, ẹ́ńjìnì EFI, èyí tí brain ń fọ́n epo sí láìlo kabúrétọ̀, ń fẹ́ nǹkan bíi 40. Àwọn míì ra pọ́ǹpù EFI lóòótọ́, wọ́n wá fi páìpù tín-ín-rín àtijọ́ àti wáyà tó ti jẹrà sílẹ̀ fún un. Ẹ so géèjì mọ́ ọn, kí ẹ gun òkè yẹn pẹ̀lú ẹrù, ẹ má wọ̀n ọ́n níbi tí mọ́tò dúró sí.

Ìbéèrè: Rewire ní kí òun kàn yọ gílóòbù check engine.

Ẹ sọ fún un pé ẹ ṣeun. Kí ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ sì wakọ̀. Èyí tó bá padà kí ẹ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ wáyà ló sábà máa ń jẹ́, iná ò débì kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù gbọ́dọ̀ ṣẹ lẹ́ẹ̀mejì lórí ìrìn méjì kí brain tó tan iná, nítorí náà ẹ dé Arámọkọ, kí ẹ padà, kí ẹ tó ní ó ti yanjú.