Oyin sísìn ní ẹ̀yìnkùlé

Oyin sísìn ní ẹ̀yìnkùlé ni kí onílé gbé àpótí kan tàbí méjì sínú ọgbà rẹ̀ kí oyin lè wọ̀ ọ́, kí òun náà sì máa rí afárá àti ìda gé níbẹ̀. Oyin ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Apis mellifera adansonii, kò ṣe é sé mọ́lé bí adìyẹ. Bí ebi bá ń pa á, bí ooru bá mú jù, tàbí bí èèrà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, gbogbo ọ̀wọ́ náà á ṣí lọ. Ká rí oyin mú kò nira tó ká mú un dúró.

Láyé àtijọ́, ìkòkò tàbí agbè ni wọ́n ń gbé kọ́ igi. Àpótí tó wọ́pọ̀ báyìí, èyí tó ti Kẹ́ńyà wá, ní pẹlẹbẹ igi tí wọ́n tò sórí rẹ̀. Abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni oyin ń mọ afárá sí. Nǹkan bíi mìlímítà 32 ni igi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀. Bí káfíńtà kò bá wọ̀n ọ́n dáadáa, oyin á mọ afárá dábùú igi méjì-mẹ́ta, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀kan á ya ìyókù. Ìda yíyọ́ ni wọ́n fi ń pa igi náà kí òórùn rẹ̀ lè pe ọ̀wọ́ tó ń wá ilé. Àpótí tó bá ń rùn ọ̀dà lè ṣófo fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọ̀tá tó burú jù ni ìjàlọ. Òru ló ń dé. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, ìdin oyin, ìyẹn ọmọ oyin inú afárá, ti tán, àpótí ti dá páropáro. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki ẹsẹ̀ ìdúró àpótí bọ agolo tí wọ́n bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù sí. Síbẹ̀, ewé koríko kan ṣoṣo tó bá fara kan àpótí ti di ọ̀nà fún ìjàlọ. Ọ̀bọ̀ǹbọn kékeré kan, Aethina tumida, wà pẹ̀lú, àmọ́ ọ̀wọ́ tó lágbára máa ń lé e sí kọ̀rọ̀. Ọmọ Áfíríkà ni. Nígbà tí wọ́n rí i ní Florida ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998, ó ṣọṣẹ́ gan-an, torí oyin ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n bá jà bíi tiwa.

Ti aládùúgbò ńkọ́? Bí oyin bá ta ènìyàn, ó ń tú òórùn kan tó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, òun ló sì ń pe àwọn yòókù wá sójú ìjà. Ènìyàn lè sá. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kò lè sá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni so ẹran sítòsí àpótí oyin rárá. Ọgbà tó ga tó mítà méjì ń mú kí oyin fò gba òkè orí àwọn tó ń kọjá. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fi èéfín gé afárá, lẹ́yìn tí ọmọdé ti wọlé. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ bá wú tàbí tí kò lè mí dáadáa lẹ́yìn tí oyin ta á, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín lọ́sàn-án ń pa oyin lórí òdòdó. Iná ìgbẹ́ àti olè náà ń ṣe tiwọn. Lẹ́ẹ̀rùn, òǹgbẹ ń lé oyin lọ bo ẹnu ẹ̀rọ omi aládùúgbò. Abọ́ omi tí wọ́n kó òkúta sí, kí oyin lè bà lé e mu láì rì, máa ń dín ìjà yìí kù, bí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀ kí oyin tó mọ ọ̀nà ẹ̀rọ náà, torí ibi tó bá ti mu lánàá ló ń padà sí.