Kí ló dé tí ọmọ erin fi ń sọnù nínú fọ́tò dúdú àti funfun?

Ìbéèrè: Nínú fọ́tò aláwọ̀, ọmọ erin náà hàn dáadáa. Bí mo ṣe sọ ọ́ di dúdú àti funfun, òun, ìyá rẹ̀ àti koríko di òkìtì eérú kan ṣoṣo. Kí ló fà á?

Àwọ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Koríko gbígbẹ pọ́n rúsúrúsú, awọ erin rí bí eérú, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara àwọn méjèèjì wá lè jẹ́ iye kan náà. Tí àwọ̀ bá ti kúrò, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tí ojú lè fi dá wọn mọ̀.

Nítorí náà, ẹ má fa Saturation (ohun tó ń pinnu bí àwọ̀ ṣe pọ̀ tó) wá sí -100. Inú fáìlì RAW (èyí tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, kí ẹ tẹ B&W (dúdú àti funfun) nínú Lightroom, ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, kí ẹ wá pinnu bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe máa mọ́lẹ̀ tó. Ẹ fa Yellow sí bíi +30, Green sí +10. Koríko á mọ́lẹ̀, erin ò ní yí padà, torí pé àwọ̀ tó wà nínú awọ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ti erin tó fi erùpẹ̀ pupa ra ara, bí àwọn ti Tsavo ní Kẹ́ńyà, yàtọ̀: Orange àti Red ló ń mú ara tiwọn mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn, ẹ rọra fà wọ́n.

Ní ti sánmà, ẹ má jẹ́ kí Blue kọjá -30. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, sánmà á kún fún hóróhóró, ìlà funfun kan á sì yí etí àti ẹ̀yìn ọmọ erin náà ká.

Ìbéèrè: Ojú rẹ̀ di ihò dúdú ńkọ́?

Ojú erin wọnú, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn, òjìji sì máa ń bò ó. Ẹ má tìtorí ìyẹn fa Shadows (ibi tó ṣókùnkùn) gbogbo fọ́tò sókè, abẹ́ ikùn ìyá rẹ̀ á di hóróhóró. Ẹ fi Brush kun ẹyinjú àti awọ tó hunjọ lábẹ́ rẹ̀ nìkan, kí ẹ fún un ní Exposure (ìmọ́lẹ̀) +0.3 sí +0.7. Ibi tó ń dán nínú ẹyinjú ni kí ẹ máa wò. Tó bá ti ń tàn kálẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Tí kò bá sí ibi tó ń dán rárá, ẹ má ya ọ̀kan sí i.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ọmọ kékeré fi wá dà bí arúgbó?

Clarity ni, èyí tó ń mú kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn hàn sí i. Awọ ọmọ erin ti hunjọ látìgbà tí wọ́n ti bí i. Clarity sì ń mú kí ojú ìhunjọ kọ̀ọ̀kan ṣókùnkùn sí i. Kò yẹ kó ju +10 lọ lára rẹ̀. Texture (tó ń mú kí bí awọ ṣe rí hàn kedere) +20 ló dára fún ọwọ́jà àti iwájú orí, àwọn ibẹ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ ìyá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gba Clarity jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà ó ń ṣe fọ́tò lóore: awọ ìyá á le, ti ọmọ á rọ̀.

Ẹ ṣọ́ irun tín-ín-rín tó wà lórí àti lẹ́yìn rẹ̀. Tí oòrùn bá wá láti ẹ̀yìn, irun náà á tàn yí i ká. Òun ló rẹwà jù nínú irú fọ́tò yìí, òun náà ló sì ń yára bàjẹ́ jù. Ẹ fa Highlights (ibi tó mọ́lẹ̀ gan-an) sí -30 kó má baà jóná. Tí ẹ bá dé Sharpening (tó ń mú kí etí nǹkan mú), ẹ tẹ Alt mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń fa Masking (tó ń pinnu ibi tí Sharpening máa dé), ẹ dúró nígbà tó bá ku etí irun àti ojú nìkan ní funfun.

Ìbéèrè: Abẹ́ ìyá rẹ̀ ló dúró sí. Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́ jáde?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 sábà máa ń gba abẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá, torí náà ẹ ó pàdé èyí léraléra. Ẹ fi Radial Gradient (irinṣẹ́ tó rí roboto) yí ọmọ náà ká, Feather (bí etí rẹ̀ ṣe ń rọra parẹ́) 70 ó kéré tán, Exposure +0.3. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Brush dín ti ẹsẹ̀ ìyá kù sí -0.3. Ẹ sọ fọ́tò náà di kékeré bí èékánná: bí ojú yín kò bá kọ́kọ́ bọ́ sórí ọmọ náà, ẹ tún ẹsẹ̀ ìyá dín kù, ẹ má fi kún ti ọmọ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè yọ koríko tó dábùú ojú rẹ̀?

Fún ògiri ilé yín, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ìdíje, rárá. Wildlife Photographer of the Year, ìdíje fọ́tò ẹ̀dá inú igbó, gbà kí a mú apá kan mọ́lẹ̀ tàbí kó ṣókùnkùn, kí a gé etí fọ́tò, kí a sì nu àmì eruku tó wà lára sensor (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà). Kò gbà kí a yọ ohun tó wà níwájú kámẹ́rà. Ẹ tọ́jú RAW yín, wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá dé ìpele ìparí.