Ṣé ilé yìí lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?

Màmá kan ní Òkè-Àdó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ló ránṣẹ́ pè mí. Ilé tí ọkọ wọn olóògbé kọ́ ní 1982 ni wọ́n fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé lórí. Yàrá mẹ́jọ ni, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín, páànù lórí. Ọmọ wọn tó wà ní Kánádà ló fẹ́ fowó ránṣẹ́. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ló máa háyà òkè, torí láti 1990 tí wọ́n ti dá yunifásítì yẹn sílẹ̀, yàrá kì í pẹ́ ṣófo nílùú yìí. Bíríkìlà ti dá owó iṣẹ́ lé e. Wọ́n ní kí n kàn wá bá wọn ka iye irin ni.

Irin kọ́ la padà sọ. Ohun tí Màmá bi mí àti èsì tí mo fún wọn nìyí, mo sì gbàṣẹ lẹ́nu wọn kí n tó kọ ọ́.

Ẹnjiníà, ilé yìí ti lé lógójì ọdún, kò sán níbì kankan. Bíríkìlà fẹsẹ̀ janlẹ̀ níwájú mi, ó ní ó le bí òkúta. Ṣé ìyẹn ò tó ẹ̀rí ni?

Kò tó, Màmá. Ilé yín ò tíì ru nǹkan kan rí ni. Ẹni tó ti ń ru apẹ̀rẹ̀ ewé láti ogójì ọdún tí ọrùn ò dùn ún, a ò lè torí ìyẹn gbé ọlọ kà á lórí. Páànù àti igi òrùlé, ewé ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọlọ. Yàrá yín kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 lóòró àti 12 níbùú. Kọ́ńkéré tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó tún ga ní mítà kan, ìwọ̀n rẹ̀ tó kílò 2,400. Dẹ́kì tó nípọn tó ìńṣì 6 lórí yàrá yẹn yóò gba bí ìlọ́po méjì irú kọ́ńkéré bẹ́ẹ̀, ó ń lọ sí kílò 4,800. Ìyẹn ni pé kí èèyàn to àpò sìmẹ́ńtì 96 sórí yàrá kan ṣoṣo. Ẹ ní mẹ́jọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ògiri òkè ò tíì dé, ayálégbé ò tíì kó ẹrù dé, tánkì omi oní-lítà 1,000 tí gbogbo èèyàn ń gbé sókè báyìí ò tíì dé, kílò 1,000 nìyẹn náà bó bá kún.

Gbogbo ẹrù yìí, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀. Dẹ́kì á gbé e fún bíìmù, bíìmù á gbé e fún òpó, òpó á gbé e fún ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ á gbé e fún ilẹ̀. Ilé tiyín ò ní bíìmù, kò ní òpó. Ògiri nìkan ló ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe.

Báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀? Ẹni tó kọ́ ọ ti kú, Bàbá ò sì fi púláànù kankan sílẹ̀.

A ó gbẹ́ ẹ wò ni. Ihò méjì tàbí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lóríṣiríṣi igun, títí a ó fi kan ibi tí ìpìlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. A fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, bóyá kọ́ńkéré wà lábẹ́ búlọ́ọ̀kù àbí orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n tò ó sí, àti irú ilẹ̀ tó gbé e. Iṣẹ́ ọjọ́ kan fún lébírà méjì ni. Kò séyìí tó ń yà mí lẹ́nu bíi kí èèyàn ra irin ọ̀kẹ́ àìmọye náírà kó má lè sanwó ihò méjì.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ká ha ògiri fúnra ẹ̀ wò. Nínú ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ rí tó ń dán, amọ̀ ni inú wọn, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ wọn lára ló ń tàn wá jẹ. Ẹ lè sọ pé, ṣebí àwọn àgbà kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ nígbà kan, tó sì dúró. Wọ́n kọ́ ọ o. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo bí ògiri ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe nípọn tó. Pákó ni wọ́n sì tẹ́ sí òkè, kì í ṣe kọ́ńkéré. Àwọn tó kọ́ ọ mọ ohun tí amọ̀ lè gbé.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fẹ́ kí ẹ rántí fún mi ibi tí ṣáláńgá àtijọ́ wà. (Màmá rẹ́rìn-ín. Abẹ́ ibi tí bíríkìlà fẹ́ gbé àtẹ̀gùn sí ni.) Ilẹ̀ tí wọ́n fi dí ṣáláńgá kì í le bí ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá. Bí ẹsẹ̀ òpó kan bá bọ́ síbẹ̀, ìyẹn á máa rì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù dúró, ohun tó sì ń ya ilé sí méjì nìyẹn. Ilé tó rì pa pọ̀ sàn ju ilé tí igun kan rì lọ.

Bí a bá gbẹ́ ẹ tó jẹ́ pé kò lè gbé e ńkọ́?

Ó ṣì ní ọ̀nà, owó ló máa pọ̀. A lè kọ́ egungun tuntun sínú ilé àtijọ́. A ó gbẹ́ ihò òpó níta àti nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, òpó kọ̀ọ̀kan á ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó gbòòrò nínú ilẹ̀, á gòkè kọjá ògiri láì gbára lé e, bíìmù á so wọ́n pọ̀ lókè, dẹ́kì á jókòó lé bíìmù. Ògiri Bàbá á wá di ìkélé, kò ní ru nǹkan kan mọ́. Ibi tó léwu níbẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ihò òpó tuntun sún mọ́ ìpìlẹ̀ àtijọ́ jù, tí wọ́n sì yọ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n tún lè fún ìpìlẹ̀ àtijọ́ lágbára láti abẹ́. Wọ́n á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ bíi mítà kan péré, wọ́n á fi kọ́ńkéré kún un, wọ́n á jẹ́ kó le, kí wọ́n tó fo lọ síbòmíràn. Ẹni tó bá gbẹ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé lẹ́ẹ̀kan, sàréè ara rẹ̀ ló ń gbẹ́.

Bó bá ṣe tèmi ni, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé yín, níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ni mo máa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré sí, látìpìlẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá fi owó egungun tuntun kún owó òrùlé tí wọ́n máa tú, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé tuntun. Màmá ò fẹ́ gbọ́ èyí rárá. Wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ló ń bọ́ àwọn.

Àbúrò mi kọ́ tiẹ̀ sí apá Sábó, ó ti da dẹ́kì lé e, irin ṣì yọ sókè lórí rẹ̀. Tiẹ̀ ti yá nìyẹn, àbí?

Ó sàn ju tiyín lọ, bó bá jẹ́ pé wọ́n ya púláànù rẹ̀ fún àjà méjì láti ilẹ̀. Kí ó mú púláànù náà jáde. Irin tó yọ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ti rí èyí tí ó jẹ́ pé wọ́n kàn gbàgbé láti gé e ni. Bí òjò bá sì ti ń pa á láti ọdún mélòó kan wá, ìpẹtà á ti jẹ ẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an níbi tó ti wọ inú kọ́ńkéré ló máa ń tín-ín-rín jù.

Sìmẹ́ńtì wo ni ká rà?

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára àpò. Ní 2014, SON, àjọ tó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, là á sílẹ̀ pé ti 32.5, ìrẹ́lé ni kí wọ́n máa fi ṣe. Òpó, bíìmù, dẹ́kì àti búlọ́ọ̀kù, 42.5 ni. Ẹ máa bu omi sí dẹ́kì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Ọjọ́ 28 la fi ń wọn agbára kọ́ńkéré, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí káfíńtà yọ igi ìtilẹ̀ ní ọjọ́ keje torí pé ó fẹ́ lò ó níbòmíràn.

Ṣé àwọn ayálégbé lè wà nísàlẹ̀ tí iṣẹ́ bá ń lọ?

Rárá o, Màmá. Ẹ sì má tú òrùlé lásìkò òjò, pàápàá bí ògiri bá lọ jẹ́ amọ̀.

Ìjọba ńkọ́? Ṣebí ilé wa ni.

Ẹ nílò ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Fífi àjà kún ilé àtijọ́, kíkọ́ ilé ni lójú òfin. Ẹnjiníà tó ní òǹtẹ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí púláànù irin rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní púláànù tí wọ́n yà fún ilé ẹlòmíràn.

Ọmọ mi ló máa san gbogbo owó òkè. Òkè di tiẹ̀ nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Mo ti ń retí ìbéèrè yìí. Mo bi Màmá pé ọmọ mélòó ni Bàbá fi sílẹ̀. Wọ́n ní méje: mẹ́rin tiwọn, mẹ́ta ti orogún wọn tó ti kú. Ìdána ni Bàbá ṣe lórí àwọn méjèèjì, kò sí ti kóòtù, kò sì kọ ìwé ìhágún.

Màmá, bó ṣe rí yìí, ilé yìí ti di ti ẹbí. Nínú àṣà Yorùbá, ọmọ ló ń jogún, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìyàwó kì í jogún ọkọ. Bó bá sì di pínpín, ìdí-igi ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: ìdí kan fún ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin ọlọ́mọ mẹ́rin kan, orogún yín ọlọ́mọ mẹ́ta kan. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin tó ṣì múlẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì náwó sára ilé ẹbí, yálà ó tún un ṣe ni o, àbí ó kọ́ nǹkan lé e, kò sọ ọ́ di tiẹ̀. Ẹbí ló ni ilẹ̀, òkè kò lè kúrò lórí ìsàlẹ̀. Kánádà á san owó, àwọn méjèèje á jọ ní i. Èyí tó bí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilé nìyẹn: ọmọ rò pé òun ń kọ́lé, ẹbí mọ̀ pé ó ń ta wọ́n lọ́rẹ ni.

Bó bá fẹ́ kó jẹ́ tiẹ̀, tàbí kó kàn máa gba owó háyà rẹ̀ fún iye ọdún kan títí owó rẹ̀ á fi padà wọlé, kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀, kí olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ìdí méjèèjì fọwọ́ sí i. Kó tó di pé wọ́n da búlọ́ọ̀kù kan sílẹ̀ ni o. Lẹ́yìn tí òkè bá ti parí, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ sí nǹkan kan mọ́.

Oórì Bàbá wà níwájú ilé, lápá ọ̀tún. Ẹ ò sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Mo ti rí i. Òpó ò ní kàn án. A lè gbé bíìmù gùn kọjá lókè ibẹ̀, kí òpó méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó kàn máa mú kí bíìmù yẹn nípọn sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé a gbẹ́ igun àkọ́kọ́. A ò tíì gbẹ́ ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ tí búlọ́ọ̀kù fi tán. Ilẹ̀ pupa ló kù lábẹ́ rẹ̀, kò sí kọ́ńkéré kankan. Màmá dúró létí ihò náà, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní kí lébírà bò ó padà, kí ewúrẹ́ má lọ já sí i. Wọ́n yọ fóònù, mo rò pé Kánádà ni wọ́n fẹ́ pè. Àkọ́bí orogún wọn ni wọ́n pè.