Ta Ló Ti Bá Yín Ka Ìwé Náà?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹnìkan gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ wá bá èmi olóòtú ní Tàkíé, nínú ọ̀rá dúdú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi fi àmì sórí ẹ̀ ni, gbogbo ẹ̀ ti pé." Mo bi í pé ta ló ti bá a kà á. Ó wò mí bí ẹni tí mo bi pé ta ló bá a jí i kó. "Ẹ̀mí ló fún mi nítàn yìí. Ṣé ẹ̀dá ló máa wá tún un ṣe?"

Mo ṣí i. Ní orí kejì, nínú ọyẹ́ oṣù Kejìlá, ọmọbìnrin kan dúró sábẹ́ igi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó ń jẹ máńgòrò pípọ́n. Ní orí karùn-ún ó sáré dé ọjà Akẹ́sán tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Akẹ́sán tó wà níwájú ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́! Ẹ̀mí wo ni kò mọ̀ pé máńgòrò wa kì í pọ́n títí òjò àkọ́rọ̀ á fi sún mọ́lé? Ìyá tó ń ta máńgòrò létí títì ì bá ti rí i lójú ẹsẹ̀, ká ní ó kà á fún un.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn òǹkọ̀wé ló ń kà, kì í ṣe ohun tó wà lórí tákàdá. Ẹ fún ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún kà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, kí ẹ kọ orúkọ wọn sẹ́yìn ìwé. Ẹ má fún pásítọ̀ yín, ẹ má sì fún ẹni tí ẹ ń dẹnu ìfẹ́ kọ. Ẹni tó ń kàwé láìjẹ́ pé wọ́n fipá mú un, tí kì í sì í ṣojú ayé, ni kí ẹ wá. Ẹ má bi í pé ṣé ó dùn. Ẹ bi í pé níbo ló ti gbé e sílẹ̀ lọ wẹ̀, ta ni kò mọ̀ yàtọ̀ sí ta ni. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ panu mọ́. Bí ẹ bá ní láti fẹnu ṣàlàyé orí kẹta fún un, ẹ ò tíì kọ orí kẹta nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó ń ká mi lára jù ni "ẹ" àti "o". Ogún ọdún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, díẹ̀ ló kù kí n máa lá àlá rẹ̀. Ìyàwó ń pe ọkọ ní "ẹ" ní ojú ìwé 12, ó di "o" ní 14, ó tún padà di "ẹ" ní 15. Òǹkàwé á rò pé wọ́n ti jà, á máa wá ìjà tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ ohun ìjà tó mú jù lọ́wọ́ òǹkọ̀wé Yorùbá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí obìnrin kan sọ "ẹ" fún ọkọ rẹ̀ fún igba ojú ìwé, kó wá wò ó lójú lálẹ́ ọjọ́ kan, kó ní, "Ìwọ." Kí lẹ tún fẹ́ fi "inú bí i gidigidi" ṣe? Àmọ́ tí ẹ bá ti fi í ṣòfò ní ojú ìwé 14, ó ti kú.

Òmíràn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á torí pé ayé á jí ìtàn òun. Òfin Copyright ọdún 2022 ti sọ ọ́ di tiyín láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, yálà ẹ forúkọ sílẹ̀ tàbí ẹ kò fi, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín. Ẹ yé dì í mọ́yà bí ìfúnpá.

Àwọn tí inú ń bí mi sí gan-an ni àwọn ọmọ tó ń tẹ̀wé lẹ́bàá títì tí wọ́n ń pe ara wọn ní olóòtú. Olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́ kọ ìtàn tó dára. Ayọ̀ ni akọni rẹ̀ ń jẹ́, Ayọ̀ sì kú ní orí tó kẹ́yìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìyàwó rẹ̀ bímọ, wọ́n sọ ọmọ ní Ayọ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó ní kí wọ́n yí ti inú ìwé padà sí Bọ́lá. Ọmọ tó ń tẹ̀wé ní ìṣẹ́jú kan ni, ó ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo "Ayọ̀" kó fi "Bọ́lá" rọ́pò rẹ̀. Wọ́n tẹ 500. Ẹnikẹ́ni kò kà á.

Mo wà níbi ìkójáde. Alága ṣí ibi ìgbéyàwó, ó gbóhùn sókè: "Ìyá ìyàwó bú sí ẹkún Bọ́lá. Inú rẹ̀ kún fún Bọ́lá." Ìyá ìyàwó olùkọ́ gan-an jókòó níwájú, pẹ̀lú gèlè. Gbọ̀ngàn dàrú.

Mo ra ọ̀kan, mo kà á délé. Orí tó kẹ́yìn yẹn, kọ̀ǹpútà mìíràn ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Lójú wa, "ọ̀" kan náà ni. Nínú ẹ̀rọ, ọ̀nà tí wọ́n gbà so àmì mọ́ lẹ́tà yàtọ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà wá a títí, kò rí i. Bọ́lá ló gbé ìyàwó. Ayọ̀ ló kú.

Oṣù tó kọjá ni olùkọ́ yẹn gbé ìwé kejì wá. Mo yí i padà kí n tó kí i káàbọ̀. Orúkọ ẹni mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ti ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ṣáájú.