Nọ́ọ̀sì, kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ 14 tó pé

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú lórí ọgbẹ́ ọkàn tí iṣẹ́ fà yìí ti sú mi í sọ ní ọ́fíìsì lọ́yà mi ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́. Ẹ ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tán, ẹ ó ti gorí òkè àdúrà sọ̀ tán, ọdún á ti yípo, ìgbà yẹn lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé lọ́yà ń bẹ.

Òfin wà o. Employee's Compensation Act ti 2010, apá 8 rẹ̀, sọ pé òṣìṣẹ́ lè gba owó gbà-má-bínú lórí ọgbẹ́ ọkàn, kódà bí ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde lára ẹ̀. Bó jẹ́ nǹkan òjijì ló ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tọ́kàn èèyàn ò fi balẹ̀ mọ́, ó wà níbẹ̀. Bó jẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí ló fà á, tí dókítà tí òfin mọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó wà níbẹ̀ náà. NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí owó yìí, ló ń san án, ọ̀gá yín ló ń dá owó sí i, ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú tiyín fún un. Tìjọba tàladáni lòfin yìí mú.

Ibi tí mo ń lọ ni ọjọ́ 14 yẹn. Láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ 14 péré lẹ ní láti fi tó ọ̀gá létí: orúkọ yín, ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, bí ẹnu yín ṣe mọ̀ ọ́n sọ, ẹnikẹ́ni ò béèrè gírámà. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ẹ̀yin sì ní ọdún 1 láti béèrè owó, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà tẹ́ ẹ fi pẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé! "Mo ti fẹnu sọ fún métírọ́ọ̀nù," métírọ́ọ̀nù tó lè ti jápa lọ UK kọ́rọ̀ tó délẹ̀, ta ló máa jẹ́rìí yín?

National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, náà ń bẹ fẹ́ni tó bá fẹ́ pẹjọ́, Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí Convention 190 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, ní 2022 lórí ìwà ipá lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Nọ́ọ̀sì kan wá bá mi, ẹ̀ka emergency ló wà nílé ìwòsàn aládàáni kan. Wọ́n gbé ẹni tọ́kọ̀ gbá wọlé lóru, ọkùnrin yẹn kú, làwọn ẹbí bá dojú ìjà kọ ọ́, wọ́n fi irin tí wọ́n ń fi omi drip kọ́ lù ú, wọ́n há a mọ́ kọ̀rọ̀. Ó ṣì ṣe handover, ó fa iṣẹ́ lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn o! Látìgbà yẹn, bó bá ti gbọ́ táyà trolley lórí táìsì, ara ẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa ka oògùn kan ṣoṣo léraléra kó tó fún aláìsàn. Mo béèrè ohun tí wọ́n kọ sínú incident book, ìwé tí wọ́n ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ibi iṣẹ́ sí, wọ́n kọ ọ́ pé "àwọn ẹbí aláìsàn pariwo díẹ̀." Òun náà fọwọ́ sí i.

Wòlíì kan ní ayé ló ń ṣe é, ó ní kó ju oògùn tí dókítà kọ fún un nù. Èmi náà ń gbàdúrà, àmọ́ ẹni tó bá ní kí aláìsàn ju oògùn nù, ọ̀daràn ni lójú mi. Nọ́ọ̀sì yìí ní òun ò lè lọ ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, wọ́n á ní òun ti ya wèrè. Nọ́ọ̀sì ló ń sọ̀rọ̀ báyìí! Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò tó jẹ́ káwọn aláìsàn Aro máa gbé láàárín ará ìlú nítòsí ibẹ̀. Irú ìwé tí dókítà bá kọ fún yín níbẹ̀ lòfin ń béèrè.

Àjẹńtì ayédèrú kan tún gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní òun lẹ́ni ní NSITF. Láàárín gbogbo ìyẹn ló wá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún un ní business centre, "fún ìdí ara mi," ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ management nísàlẹ̀. Ìwé yẹn ni ilé ìwòsàn ọ̀hún nà sí mi bí mo ṣe débẹ̀. Ọdún kan ti kọjá, ìdí pàtàkì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí báyìí, iṣẹ́ tí mi ò bá parí lọ́sẹ̀ kan ká ní ó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kí lọ́yà tó kà á. Bí HR bá kọ̀ láti gba lẹ́tà yín, ẹ fi courier rán an, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ojú ewé incident book tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí.