Bí Òjò Ṣe Ń Tún Odò Ọya Ṣe

Odò kì í gbé omi nìkan. Ẹrẹ̀, yanrìn àti òkúta wẹẹrẹ ń bá a lọ. Bí omi bá pọ̀ tó sì ń sáré, á ru púpọ̀, á sì máa jẹ bèbè. Bó bá rọra, á sọ ẹrù kalẹ̀, òkìtì yanrìn á yọ láàárín odò, ojú odò á fẹ̀ láì jìn. Òjò ló ń sọ bí omi ṣe máa pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ipò tí ilẹ̀ wà ló ń sọ iye yanrìn tí yóò bá a wọ odò.

Odò Ọya fi èyí hàn kedere. Láti orí òkè Gínì ló ti ń ṣàn bọ̀, ó sì tẹ́ rẹrẹ sínú àbàtà ńlá kan ní Màlì kó tó dé Timbuktu. Ibẹ̀ ló ti ń sọ ẹrẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ìparí ọdún ni omi yìí tó ń dé Nàìjíríà, ó sì mọ́ débi pé àkúnya dúdú ni wọ́n ń pè é. Àkúnya funfun ti ṣáájú rẹ̀ dé: òjò ìtòsí ló fà á, ẹrẹ̀ ló sì kún inú rẹ̀.

Nígbà ọ̀dá ńlá àwọn ọdún 1970 àti 1980, omi tó ń ti Gínì bọ̀ fà gan-an. Ní oṣù kẹfà ọdún 1985, díẹ̀ ló kù kí odò náà dá ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Síbẹ̀, àwọn odò kéékèèké tó ń wọ inú rẹ̀ nítòsí ibẹ̀, Gorouol, Dargol àti Sirba, wá ń gbé omi ju ti ìgbà tí òjò ń rọ̀ dáadáa lọ! Koríko ti kú, wọ́n ti ṣán igbó fún oko àti igi ìdáná, ojú ilẹ̀ wá dì bí ilẹ̀ yàrá tí wọ́n fi ẹlẹ́bọ́tọ pa. Òjò kò ráyè wọlẹ̀ mọ́. Àgbàrá ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Àgbàrá gbẹ́ kòtò, kòtò ń fẹ̀ sí i, ní ẹnu wọn, yanrìn yọ wọ inú odò, ó ń ti omi sí bèbè kejì. Àkúnya tí àgbàrá yìí ń fà ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, tí wọ́n ń pè ní àkúnya pupa, ni Niamey wá ń bẹ̀rù jù. Òun ló fa omíyalé ọdún 2012 àti 2020.

Nísàlẹ̀, yanrìn tó bá dé dáàmù Kainji, tí wọ́n kọ́ parí ní 1968, inú adágún rẹ̀ ló ń jókòó sí. Wíwa yanrìn lójú odò kò kan ibi tó ti ń wá. Orí oko ni iṣẹ́ tó ní láárí wà: àwọn àgbẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Niger ń gbẹ́ kòtò onílàjì òṣùpá, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè ibi tí àgbàrá ti ń bọ̀, omi ń dúró sínú rẹ̀, koríko sì tún ń hù níbẹ̀.